Lọ́ọ̀dù Shaftesbury àti Òfin Wákàtí Mẹ́wàá



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó wà nínú ìṣèlú láti ọdún 1826 títí di ọdún 1885. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà bọ́ sí ìgbà ìjọba Ọbabìnrin Victoria. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú yín béèrè pé, kí ni ó pa òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́lá tí kò ṣe iṣẹ́ agbára rí? Ìbéèrè náà dára. Òfin tí ó dín wákàtí iṣẹ́ kù, tí ó ní kí a fi ìdènà yí ẹ̀rọ ká, tí ó sì lé ọmọdé kúrò nínú kòtò ìwakùsà, kò sí ibi tí a ti lè sọ ìtàn rẹ̀ kí a má dárúkọ ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ ìtàn náà wò fínnífínní, ẹ ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá a lọ. Ẹ ó sì rí i pé níbi tí kò bá ti sí ẹni tí ń ṣọ́ òfin, òfin náà kì í ju ìwé lásán lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Anthony Ashley-Cooper ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní London ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1801. Ìdílé oyè Shaftesbury ni wọ́n bí i sí, Lọ́ọ̀dù Ashley ni wọ́n sì ń pè é títí ó fi jogún oyè bàbá rẹ̀ ní 1851. Owó wà nílé wọn, ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ òbí ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìránṣẹ́bìnrin ilé kan tí ń jẹ́ Maria Millis ni ó fà á mọ́ra, tí ó sì kọ́ ọ ní àdúrà. Nígbà tí obìnrin náà kú, ó fi aago kan sílẹ̀ fún un. Ashley lo aago náà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ó kàwé ní Harrow àti ní yunifásítì Oxford. Ní 1826, nígbà tí ó di ẹni ọdún 25, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gẹ́gẹ́ bí aṣojú Woodstock, ìlú tí àwọn ìbátan ìyá rẹ̀, ìdílé Duke ti Marlborough, ní agbára lé lórí. Bí ìṣèlú ti rí nígbà náà nìyẹn. Àwọn onílẹ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò ṣòfin, ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ kò sì ní ìbò.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ jìn fún ni ti àwọn alárùn ọpọlọ, tí wọ́n máa ń fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ ibùsùn nígbà náà. Láti 1845 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, òun ni alága ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe wá a lọ

Ní àkókò yìí, ilé iṣẹ́ òwú àti ti irun àgùntàn ti gba gbogbo àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé kì í rẹ ẹ̀rọ, àwọn agbanisíṣẹ́ kò fẹ́ kí ó rẹ ènìyàn. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 9 ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 tàbí 14 lójúmọ́, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò káwọ́ gbera. Ní Yorkshire àti Lancashire, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú, láti máa béèrè pé kí wákàtí iṣẹ́ má ju 10 lọ lójúmọ́. Ní 1830, Richard Oastler kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn Leeds Mercury. Ó sọ níbẹ̀ pé ẹrú wà ní Yorkshire, àti pé àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ni ẹrú náà. Aṣòfin kan tí ń jẹ́ Michael Sadler gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ilé ìgbìmọ̀, ó sì gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ní 1832. Ní òpin ọdún náà, Sadler fìdí rẹmi nínú ìdìbò ní Leeds. Ẹjọ́ wà nílẹ̀, kò sí agbẹnusọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1833, àwọn ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ rán àlùfáà George Bull lọ sí London láti wá ẹni tí yóò gba ipò Sadler. Ashley ni ó lọ bá. Ashley tọrọ àyè díẹ̀ láti ronú, lẹ́yìn náà ó gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nígbà tí ọlọ́lá yìí dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ti kó ẹ̀rí jọ, wọ́n ti pe ìpàdé, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọ́n ń béèrè.

Òfin 1833 àti òfin kòtò èédú

Ọwọ́ kò tẹ wákàtí 10 ní 1833. Òfin tí ìjọba ṣe ní ọdún náà sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 má ṣiṣẹ́ mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, kí àwọn ọmọ ọdún 9 sí 13 má ṣe ju wákàtí 9 lójúmọ́, kí àwọn tí kò tíì pé 18 má sì ṣe ju wákàtí 12. Fún gbogbo ilé iṣẹ́ tí òfin náà kàn, olùbẹ̀wò 4 péré ni ìjọba yàn. Kò tíì sí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí ìjọba ń fún ènìyàn, nítorí náà dókítà ni ó ń fi ojú díwọ̀n ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ tí ó bá sanra díẹ̀ lè di ọmọ ọdún 13 lójú dókítà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ashley kò dúró síbẹ̀. Ní 1838, òjò ńlá kan rọ̀ ní Silkstone ní Yorkshire. Àgbàrá ya wọ inú kòtò èédú Huskar, ó sì pa ọmọdé 26. Ní 1840, Ashley bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ ọmọdé. Ìròyìn ìwádìí náà jáde ní 1842 pẹ̀lú àwòrán. Àwọn ará ìlú rí ọmọ kékeré tí ó jókòó nínú òkùnkùn láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kí ó sì máa tì í. Wọ́n rí obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n fi ìgbànú àti ẹ̀wọ̀n so mọ́ ọmọlanke èédú, tí wọ́n ń rá gba inú ihò tí ènìyàn kò lè nàró nínú rẹ̀.

Láàárín oṣù díẹ̀, òfin dé. Obìnrin kankan kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú kòtò mọ́, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 náà kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ọdún 13 ni Ashley kọ́kọ́ fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ní kòtò èédú, pàápàá Lọ́ọ̀dù Londonderry, bá a jà gidigidi. Ní 1843, olùbẹ̀wò kan ṣoṣo ni ìjọba yàn, òfin kò sì fún un láṣẹ lórí ètò ààbò inú kòtò. Àwọn obìnrin kan ń yọ́ wọlé síbẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé òfin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láì wá òmíràn fún wọn.

Wákàtí 10, àti bí ó ṣe bọ́ lọ́wọ́

Ní 1844, òfin mìíràn dé tí ó pàṣẹ pé kí a fi ìdènà yí ẹ̀rọ eléwu ká, kí iṣẹ́ obìnrin má sì ju wákàtí 12 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1846, Ashley fi ipò aṣòfin sílẹ̀ nítorí àríyànjiyàn lórí owó orí ọkà tí ń wọ̀lú láti òkèèrè. Ẹnìkan tí òun fúnra rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ òwú, John Fielden ará Todmorden, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí Òfin Wákàtí 10 kọjá ní oṣù kẹfà ọdún 1847, Ashley kò sí nínú ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ ni kò kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ nìkan ni òfin náà dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin àti ọ̀dọ́ bá ti lọ sílé, iṣẹ́ ọkùnrin kò lè tẹ̀ síwájú, nítorí náà gbogbo wọn ni ó jàǹfààní.

Àwọn agbanisíṣẹ́ wá ọgbọ́n dá. Òfin gbà kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ láti aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Wọ́n wá ń gba òṣìṣẹ́ wọlé, wọ́n á ní kí ó jáde fún wákàtí kan, wọ́n á tún pè é padà, tí olùbẹ̀wò kò fi lè ka iye wákàtí tí ẹnikẹ́ni ṣe. Ní 1850, ilé ẹjọ́ dá wọn láre. Ashley ti padà sí ilé ìgbìmọ̀ nígbà náà, ó sì gbà láti bá ìjọba ṣe àdéhùn: kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ kí ó sì parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ó parí ní aago méjì ọ̀sán ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n kí wákàtí ojúmọ́ di 10 ààbọ̀. Dípò wákàtí 58 lọ́sẹ̀, ó di 60.

Inú bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ó ti tà wọ́n. Ashley ní tirẹ̀ gbà pé àkókò tí gbogbo ènìyàn mọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ sàn ju wákàtí 10 tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó fi sílẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, àwọn tí ó sì ni í kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe àdéhùn náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tí ó gbé wúwo.

Òfin tí ó ní olùṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan kún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wọ́n máa ń rán ọmọdé gun inú ihò èéfín ilé lọ láti ha ìdọ̀tí dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Òfin 1840 kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 21. Ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Shaftesbury tún ṣe òmíràn ní 1864, bákan náà ni ó rí. Ní oṣù kejì ọdún 1875, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ George Brewster há sínú ihò èéfín ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ nítòsí Cambridge, ó sì kú. Nínú ọdún kan náà, Shaftesbury gbé òfin kẹta kalẹ̀. Òfin yìí sọ pé kí olúkúlùkù tí ń ṣe iṣẹ́ náà máa gba ìwé àṣẹ lọ́dọọdún lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ọlọ́pàá sì máa rí sí i pé wọ́n pa òfin mọ́. Bí òpin ṣe dé bá ìwà náà nìyẹn. Ọdún 35 ni ó wà láàárín òfin tí kò ní olùṣọ́ àti èyí tí ó ní.

Ibi tí ó kù sí

Kò yẹ kí a sọ ìdajì ìtàn. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó rò pé àwọn ẹni ńlá tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run ni ó yẹ kí ó máa tọ́jú tálákà, kí tálákà má fúnra rẹ̀ gba agbára. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlú ní ìbò ní 1867, ó takò ó. Ní Tolpuddle, ní agbègbè Dorset tí òun gan-an ń ṣojú fún, ìjọba mú alágbàṣe oko 6 ní 1834 nítorí pé wọ́n búra láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n rán wọn lọ sí ìgbèkùn ọdún 7 ní Ọsirélíà. Ìwọ́de àti ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó mú kí ìjọba dárí jì wọ́n ní 1836. Nígbà tí ó di 1871, òfin fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ múlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni ó sì jà fún un.

Shaftesbury kú ní Folkestone ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1885. Wọ́n ṣe ìsìn ìsìnkú rẹ̀ ní Westminster Abbey, àwọn tálákà London sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti dágbére fún un. Ọ̀wọ̀ náà tọ́ sí i. Ó kọ ipò mínísítà nítorí iṣẹ́ tí ó gbé lọ́wọ́, ó sì dúró ti iṣẹ́ náà fún ọdún 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òfin ilé iṣẹ́ ti 1987 ní orílẹ̀-èdè wa sọ̀rọ̀ nípa ìdènà ẹ̀rọ àti nípa olùbẹ̀wò. Òfin iṣẹ́ ti 1974 kà á léèwọ̀ kí obìnrin máa ṣiṣẹ́ nínú kòtò ìwakùsà. Ẹ mọ irú ìyà tí wọ́n jẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó dé ayé. Nítorí náà, ẹ béèrè àwọn òfin náà ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín, kí ẹ kà wọ́n fún ara yín ní ìpàdé. Ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ wọṣẹ́ àti èyí tí ẹ jáde sílẹ̀, nítorí wákàtí tí a kò kà ni ó rọrùn jù láti jí. Bí ìdènà bá ti kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi tó aṣojú yín àti olùbẹ̀wò létí kí ẹ̀rọ náà tó gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí ọlọ́lá kan, ọ̀gá kan tàbí olóṣèlú kan bá sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnu yín kò tó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n kí aṣojú yín jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àdéhùn, kó má baà fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yín ṣe ẹ̀bùn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

 Kí ẹgbẹ́ wa máa gbèrú.