Ọjọ́ Kan Nínú Igbó Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ìkòsí àti Máìlì 12, ilẹ̀ kò tí ì mọ́ nígbà tí àwa àti àwọn ọmọ wa wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti wo igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í sì í pẹja. A rí àwọn ère tí Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ. Òyìnbó obìnrin yìí kú ní ọdún 2009.

Afinimọ̀nà béèrè èdè tí a fẹ́ gbọ́. Àwọn ọmọ wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ojú tì wá. A bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n létí odò, ọmọdé kan bi wá pé ta ni à ń pè ní Arugbá, àwa àgbà sì ń wo ojú ara wa. Afinimọ̀nà ni ó dáhùn: wúńdíá tí ń ru igbá Ọ̀ṣun lọ sí odò nígbà ọdún, nínú oṣù kẹjọ.

A ó tún lọ. Kí a tó lọ, àwa àgbà ni yóò kọ́kọ́ jókòó kọ́ ẹ̀kọ́.