Bí Fọ́tò Ẹyẹ Ṣe Ń Di Ẹ̀rí

Ìmọ̀ nípa ẹyẹ àti ẹranko igbó ilẹ̀ Yorùbá kò sí lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ nìkan mọ́, nítorí pé láti ìgbà tí kámẹ́rà ti wọ inú fóònù ni olùkọ́, awakọ̀, àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé ti ń ya fọ́tò ohun tí wọ́n bá rí, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn láti béèrè orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ní wíwádìí ni ohun tí ó ń sọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀rí tí onímọ̀ lè gbára lé. Ẹwà kọ́. Fọ́tò tí ó ṣú, tí ẹ̀ka igi bo ìdajì ẹyẹ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a mọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á, wúlò ju èyí tí ó mọ́ roro tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti yà á tàbí Accra.

Ìtàn ẹyẹ kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malimbus ibadanensis lè la ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Ẹbí ẹ̀gà ni ẹyẹ náà, dúdú ni ara rẹ̀, pupa sì wà ní orí rẹ̀ títí dé àyà. J. H. Elgood, tí ó kọ́ni nípa ìmọ̀ ẹranko ní Ìbàdàn, ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní ọdún 1958, ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni a sì mọ̀ ọ́n mọ́ títí di òní, tí igbó inú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí àgbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA ní Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan lára ibùgbé rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ìbọn ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò kí wọ́n tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa orúkọ ẹyẹ: wọn a yìn ín, wọn a bó awọ rẹ̀, wọn a ki òwú bọ inú rẹ̀, wọn a wá so pépà pélébé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tí ó pa á sí. Pépà ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn ni ó ń fún òkú ẹyẹ náà níyì nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Bí ó bá já sọnù, ìyẹ́ lásán ni ó kù.

Fọ́tò òde òní náà ní pépà tirẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ atọ́ka-ibi inú fóònù, ọjọ́, wákàtí àti ibi gan-an tí wọ́n ti ya fọ́tò yóò wọ inú rẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ètò náà yóò fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, yóò sì yọ àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kúrò, tí ó fi jẹ́ pé fọ́tò tí ó ti kọjá ní ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ti di ọmọ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó sàn kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, tàbí kí wọ́n tẹ ọjọ́ àti ibi sí abẹ́ rẹ̀. Aago kámẹ́rà tí a kò tò dáadáa tún ń ba nǹkan jẹ́, pàápàá fún ẹyẹ tí ó jẹ́ pé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ni ó máa ń wá.

Níbi ìfúnlórúkọ ni iṣẹ́ ti le jù. Lórí ètò iNaturalist, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ó kéré tán ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ kí àkọsílẹ̀ tó di èyí tí àwọn olùwádìí ń lò, bí àwọn tí ó dá sí i bá sì pọ̀, àwọn tí ó fara mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Òfin náà dára, àmọ́ kò lè dá ẹni tí ń gbe èrò ọ̀gá lẹ́yìn láìwo fọ́tò dúró, ohùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì fi nǹkan kan kún ẹ̀rí. Ìdí ni ó yẹ kí ó máa tẹ̀lé orúkọ. Ẹni tí ó bá pe ẹyẹ funfun kan ní lékèélékèé tí ń tẹ̀lé màlúù gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ẹnu rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ẹnu bá dúdú, tí ẹsẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ẹyẹ etí omi tí ó jọ ọ́ ni. Akọ ẹ̀gà ní àsìkò ìkọ́lé kò ṣòro láti mọ̀, nítorí orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Abo rẹ̀ ni ó nira, torí ó jọ abo àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú ẹbí náà, nígbà tí àsìkò bá sì kọjá, akọ pàápàá yóò bọ́ ẹ̀wù oge rẹ̀. Àwọn ẹyẹ kan sì wà nínú igbó, ìbátan òpèéèré, tí gbogbo wọn ní àwọ̀ ewé tí ó ṣì, tí ohùn ń yà sọ́tọ̀ ju ìrísí lọ. Nídìí irú wọn, ìṣẹ́jú kan ohùn tí a gbà sórí fóònù kan náà sàn ju fọ́tò mẹ́wàá lọ, ọdẹ tí kò ka ìwé ẹyẹ kankan rí sì lè jẹ́ onídàájọ́ tí ó péye ju ọ̀mọ̀wé lọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń dábàá orúkọ ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò tí ó ti rí tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń mọ̀, nítorí náà ẹyẹ tí fọ́tò rẹ̀ kò pọ̀ ni ó ti máa ń ṣìnà jù, bẹ́ẹ̀ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ ń wá.

Kò yẹ kí gbogbo ibi hàn sí gbogbo ènìyàn. Odídẹrẹ́ tí a mọ̀ mọ́ Ìwó ti wà láàrin àwọn ẹ̀dá tí àwọn orílẹ̀-èdè pinnu ní ọdún 2016 pé kí òwò àgbáyé lórí àwọn tí a mú nínú igbó dópin, ìtẹ́ rẹ̀ tí a bá fi hàn lórí máàpù sì lè di ọ̀nà fún àwọn tí ń kó ọmọ rẹ̀. Fún ìdí yìí ni iNaturalist fi ń bo ibi gan-an tí wọ́n ti rí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń gbé àmì rẹ̀ sí ibikíbi nínú àgbègbè tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí ogún kìlómítà. Odídẹrẹ́ inú àgò ní Èkó tún yàtọ̀. A gbọ́dọ̀ sọ pé ó wà ní ìgbèkùn, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á mọ́ ẹyẹ igbó.

Àléébù kan wà tí fọ́tò fúnra rẹ̀ kò lè wò sàn, nítorí ohun tí ó ṣàjèjì tàbí tí ó rẹwà ni ojú oníkámẹ́rà ń wá. Ètò tí ń ya máàpù ẹyẹ Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 pẹ̀lú ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án, ẹni tí ó bá sì wọ inú ọ̀kan yóò lo wákàtí méjì ó kéré tán, yóò kọ gbogbo ẹ̀yà tí ó rí tàbí tí ó gbọ́, ẹyẹlé àti ológoṣẹ́ pẹ̀lú. Àìsí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igúnnugún le. Ọdún 2015 ni wọ́n kà á kún àwọn ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa rẹ́, àwọn àgbàlagbà sì rántí ìgbà tí ó máa ń bà lé òrùlé ilé apẹran ní ìlú wọn, ṣùgbọ́n fọ́tò tí ó ní ọjọ́ àti ibi láti ìgbà náà ṣọ̀wọ́n, nítorí pé nígbà tí ó pọ̀, kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ ní yíyà.