Àsíá Ogun: Aṣọ Wà, Ìtàn Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àsíá ogun la gbé wá lónìí.

Létí òkun Gánà, ní Cape Coast, Elmina àti Anomabo, àwọn Fante ní ẹgbẹ́ ológun tí wọ́n ń pè ní Asafo. Wọn kì í ṣe sójà tó ń gbowó oṣù o. Apẹja ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, ogun ló ń kó wọn jọ láyé àtijọ́. Ẹgbẹ́ tí baba ẹni bá wà lèèyàn ń bá lọ.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi olórí tuntun jẹ, ó máa ń ní kí wọ́n rán àsíá tuntun. Wọ́n á gé aṣọ ní àwòrán ẹja, kìnnìún tàbí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á rán an mọ́ ara àsíá. Òwe làwòrán náà, nígbà mìíràn ó jẹ́ ìpèníjà sí ẹgbẹ́ kejì. Ẹgbẹ́ tó bá gbé àwòrán ẹlòmíràn jáde, ìjà ló ń wá!

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ọjọ́ orí àsíá kan? Ẹ wo igun òkè rẹ̀. Ṣáájú ọdún 1957, àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń rán síbẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ti Gánà ni.

Lónìí, púpọ̀ nínú wọn wà ní mùsíọ́mù òkè òkun, bíi British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn oníṣòwò ra òmíràn, àwọn kan tiẹ̀ ń rán tuntun, wọ́n á sọ ọ́ di ogbó kó lè tà. Oòrùn ò pa èyí tó wà ní mùsíọ́mù, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ẹgbẹ́ tó ni ín, tàbí òwe tó ń pa, kí ló kù? Aṣọ lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ̀kú eégún, aṣọ òkè bàbá àgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ má sá aṣọ àtijọ́ sóòrùn gbígbóná, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Ẹ má ká a sí ojú ibì kan náà lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Ẹ yí i mọ́ ọ̀pá tí ẹ ti fi aṣọ funfun mímọ́ wé. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, àwọ̀ pupa lè tàn ká gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù yín. Ẹ lọ bá àgbà ilé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ló ni aṣọ yìí, ọjọ́ wo ni wọ́n fi ń jáde, kí ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀? Bí wọ́n bá gbà, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi pamọ́ sí ibi méjì. Ohun tí wọ́n bá ní kò gbọ́dọ̀ jáde, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àgbà ò ní máa dúró de ìgbà tí ọwọ́ wa bá dilẹ̀. Ó dìgbà kan ná.