Aṣírù Ọlátúndé: Alágbẹ̀dẹ tí ó sọ Páànù di Igbó Ẹranko

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni iṣẹ́ ọwọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dà bí ìwàásù lásán, ẹnì kan ṣoṣo ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ: olóògbé Aṣírù Ọlátúndé ará Òṣogbo, tí í ṣe aládùúgbò wa.

Ọdún 1918 ni a bí i, ní ìdílé alágbẹ̀dẹ. Irin ni ó bá nílé, irin náà ni ó sì kọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le tó ẹni tí í máa lu irin gbígbóná láti àárọ̀ di alẹ́, àìsàn sì mú kí ó fi iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ líle sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ayé í máa sọ nípa alágbẹ̀dẹ tí kò lè gbé ọmọ owú. Aṣírù kò tìtorí èyí káwọ́ lérí. Bàbà pẹlẹbẹ ni ó ń lù, ó ń fi ṣe yẹtí àti ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́, ó sì ń ya àwọn ẹranko kéékèèké sí wọn lára.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni iṣẹ́ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí bọ́ sí ojú Ulli Beier, ọmọ bíbí Jámánì, àti Susanne Wenger, ọmọ bíbí Austria tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó lè fi ẹranko sí ara yẹtí lè fi odidi igbó sí ara páànù ńlá. Wọ́n gbà á níyànjú, ó sì ṣe é. Bàbà ni ó kọ́kọ́ ń lò; nígbà tí ó yá, alumíníọ́mù ni ó ń lò jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Kò gba agbára, sùúrù ni ó gbà. Òòlù kékeré àti irin ẹlẹ́nu mímú ni a fi ń fa ìlà ara ẹranko: etí erin, ìyẹ́ ẹyẹ, ìpẹ́ ara ejò. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá máa fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ilẹ̀ tí ó yí ẹranko náà ká, tó, tó, tó, àmì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kékeré, títí ilẹ̀ náà yóò fi rì, tí ẹranko yóò sì yọ síta ní dídán. Àwọn àgbà kò purọ́: alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Aṣírù, igi ńlá ni yóò wà láàárín, ẹyẹ yóò kún ẹ̀ka rẹ̀, àwọn ẹranko yóò sì wà nísàlẹ̀. Ó ya ìtàn Ádámù àti Éfà, ó sì ya ọdún ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó fi di olóògbé ní ọdún 1993, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí àìsàn lé kúrò nídìí irin gbígbóná ti kọjá òkun.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí á fà yọ nínú ìtàn yìí. Èkínní ni pé àwọn ẹranko náà ń lọ. Kìnìún tí ó kù ní Nàìjíríà kò pọ̀. Yankari àti Kainji ni a ti ń gbúròó wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí erin ní ilẹ̀ Yorùbá, igbó Òmò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni yóò forí lé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì kò mọ àgbọ̀nrín àfi nínú ọbẹ̀. Bí àwọn ọdẹ àgbà wa bá lọ tán, ta ni yóò sọ fún wọn bí ó ti í dúró, bí ó ti í na etí?

Èkejì ni ó dùn mí jù. Àlejò ni ó kọ́kọ́ rí ìwúlò yẹtí Aṣírù. N kò bú ẹnikẹ́ni, àwọn àlejò náà ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n yẹtí náà wà lójú ọjà kí wọ́n tó dé, àwa náà sì ń kọjá níwájú rẹ̀. Ọmọ mélòó ni ó wà ní Ire lónìí tí ń fi èédú ya ẹyẹ sí ara ògiri, tí a sì ń nà nítorí pé ó ba ògiri jẹ́?

Nítorí náà, mo dábàá pé nínú owó tí a bá yà sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, kí ìpín kan jẹ́ ti àwọn ọmọ tí yóò kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi pé, bí ẹ bá fẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ sí ilé yín, kí ẹ kọ́kọ́ bi wá léèrè nílé.