Ìwọ̀n Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Eré Ìdárayá



Ọ̀pọ̀ nínú wa ti pẹ́ lórí àga; bí a bá sì dìde tán, a fẹ́ sáré bí ọmọ ogún ọdún. Ewu ńbẹ níbẹ̀. Ẹran ara a máa tètè le, ṣùgbọ́n iṣan tí ó dè é mọ́ egungun a máa pẹ́; òun ni ó sì ń fara pa.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Kí ẹni titun sì fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí a lè sọ̀rọ̀ bí a ti ń rìn, kí a má sì lè kọrin: ìwọ̀n náà nìyẹn. Ìjòyè tí kò lè dáhùn ìkíni lójú ọ̀nà ti kọjá a. Bí àyà bá ń dun ni, kí a dúró, kí a wá oníṣègùn lọ.