AJÉ GÚNLẸ̀, ṢÙGBỌ́N ILÉ TA LÓ SÙN SÍ?

Bíbélì kíkà wa wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 18, ẹsẹ 1 títí dé 11. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á nílé, kí ẹ fi yẹ ọ̀rọ̀ mi wò.

Kí ni Ajégúnlẹ̀ túmọ̀ sí? Ajé gúnlẹ̀! Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté, bẹ́ẹ̀ ni ọrọ̀ dé, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Orúkọ tó dára ni. Ìbéèrè mi lónìí kò le rárá: nígbà tí ajé bá gúnlẹ̀ tán, ilé ta ló ń lọ sùn?

Ẹ dúró ní Boundary lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ máa rí ìdáhùn. Owó tí ènìyàn làágùn gbà ní wọ́ọ̀fù Apápá lọ́sàn-án ti di ìgò lórí tábìlì lálẹ́. Ẹlẹ́ran ń pè, ẹlẹ́paraga ń pè, orin ń dún lọ́tùn-ún lósì. Kó tó di ìdájí, ajé ti tún wọkọ̀ lọ.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, ìjọba ológun ra sìmẹ́ńtì tó pọ̀ ju ohun tí wọ́ọ̀fù lè gbà lọ. Ọkọ̀ òkun tó ju 300 lọ tò sójú omi Èkó, wọ́n ń retí ààyè. Nítorí wàhálà yìí ni wọ́n ṣe yára kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, atukọ̀ á máa dúró níbẹ̀. Ibi tí atukọ̀ bá sì ti ń dúró, ẹ mọ̀ pé ilé ọtí kì í jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí ara mi. Ní 2002, mo wà ní yunifásítì, mi ò tíì mọ Olúwa. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan gba owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kó àwa mẹ́rin lọ sí kíláàbù kan ní Apápá, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, a gbádùn! Pásítọ̀ tó bá ní kò sí adùn níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ò ní gbà á gbọ́, torí wọ́n ti tọ́ ọ wò. Orin dùn, ẹran dùn, ẹ̀rín dùn. Ní aago mẹ́rin ìdájí, owó tán. A fẹsẹ̀ rìn láti Liverpool Road wá sí Ajégúnlẹ̀, torí owó ọkọ̀ ò ṣẹ́ kù.

Nígbà tí a délé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yẹn jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ara ọmọ gbóná bí iná. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá ọmọ mi. Ṣé ó ku díẹ̀ lọ́wọ́ yín? Wọ́n ní ká lọ ra oògùn."

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀. Ẹran tí mo jẹ lóru ọjọ́ yẹn, oògùn ọmọ yẹn ni mo jẹ. Ọlọ́run ṣàánú, aládùúgbò kan yá wọn lówó, ọmọ náà sì yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá rí tábìlì tó kún fún ìgò, ọmọ ni mò ń rí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá orin jà. Ajégúnlẹ̀ yìí ni gàlálà ti jáde láyé 1990 sí 1999, tí Daddy Showkey, Baba Fryo àti Daddy Fresh fi sọ ìyà àdúgbò wa fún gbogbo Nàìjíríà. Ibí yìí náà ni Samson Siasia àti Emmanuel Amuneke ti gbá bọ́ọ̀lù kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ohun tí mò ń béèrè ni owó oúnjẹ àwọn ọmọ wa.

Ẹ wá wo Kọ́ríńtì. Èbúté méjì ló ní, ọ̀kan níhà ìlà-oòrùn, ọ̀kan níhà ìwọ̀-oòrùn. Atukọ̀ ń wọlé, oníṣòwò ń wọlé, obìnrin ń ta ara. Ká ní àwa ni, à bá ti gbọn eruku ẹsẹ̀ wa, ká máa lọ. Ṣùgbọ́n Olúwa bá Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ lóru pé kó má bẹ̀rù, Òun ní ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀. Hallelúyà! Ó ti ń ka àwọn kan mọ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó dìde nídìí ìgò. Pọ́ọ̀lù sì dúró ní ọdún kan àti oṣù mẹ́fà, ó ń pa àgọ́ jẹun, ó ń kọ́ wọn.

Èmi náà ti kùnà níbí. Màmá kan nínú ìjọ wa ní ilé ọtí. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tì í. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Pásítọ̀, mo gbọ́. Àwọn ọmọ mẹ́ta tí mò ń rán nílé ìwé ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa san án?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìwàásù tí kò lówó nínú, ariwo ni. Ìjọ dáwó jọ, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀ tírélà lójú mọmọ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ le, èrè kéré. Ṣùgbọ́n wọn ò padà sídìí ọtí, àwọn ọmọ náà ò sì kúrò nílé ìwé.

Àwọn kan ń gbàdúrà pé kí gbogbo kíláàbù kógbá wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà àti táńkà fi dí ọ̀nà Apápá pa, kí ìjọba tó gbé ètò pípe ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní oṣù Kejì 2021. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kó lọ, kì í ṣe nítorí ìwàásù wa. Ní oṣù Kẹta 2020, kòrónà ti kíláàbù, ó sì ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ọkàn yí padà? Ẹni tó ń mu níta gbé ìgò wọ yàrá ni! Ilé lè tì, kí òùngbẹ má tì.

Kí la máa wá ṣe? Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbowó, ẹ kọ́kọ́ gba ilé lọ. Ẹ gbé owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé lé ìyàwó lọ́wọ́ kí ẹ tó kí ọ̀rẹ́ kankan. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá pẹ́ dé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ìbáwí lè di àárọ̀. Tí ẹ bá tì í síta, ẹlòmíì ti ṣílẹ̀kùn tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin adarí ìjọ, a ní jẹnẹrétọ̀, a ní kíbọ́ọ̀dù, a ní ìlù. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ àdúgbò ń dúró lójú fèrèsé wa, wọ́n ń wò. Ta ló ti sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé wá kọ́ ọ?

Ìwọ tí ò ń ka èyí, tí ọtí àná ṣì wà lẹ́nu rẹ, máa bọ̀. A ò ní gbóòórùn ẹnu rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn púpọ̀ ni Olúwa ní ní ìlú yìí, ó lè jẹ́ pé ìwọ ni.

Mo gbàdúrà fún yín: ajé tó bá gúnlẹ̀ sọ́wọ́ yín, ilé yín ni yóò sùn. Ọmọ yín kò ní ṣàìsàn kí owó oògùn rẹ̀ wà nínú ìgò. Ní orúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín tó rinlẹ̀!