Samuel Okoye àti Ohun tí Ń Ṣẹ́jú Lójú Ọ̀run

Olóòtú ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó fi ojú ọ̀run ṣe iṣẹ́ jẹ. Láti Ìbà ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ní Ìbà, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́. Ó tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ máa wádìí àwọn plánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ayé tí ń yí oòrùn mìíràn po ní ọ̀nà jíjìn. Bàbá rẹ̀ ti bi í pé ṣé ìràwọ̀ ni yóò máa jẹ sùn. Àwọn ará ilé sì ń pè é ní awòràwọ̀, wọ́n ní kí ó bá àwọn wo ọjọ́ ọ̀la. Ó wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ǹjẹ́ ẹnìkan láti ilẹ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, tí ó sì padà wá sílé?"

Mo ní ó wà. Samuel Ejikeme Okoye ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1939 ni a bí i. Ní Ìbàdàn ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì kí ó tó kọjá sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Antony Hewish. Ní ọdún 1965 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ fífi ìgbì rédíò wádìí ojú ọ̀run, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi iṣẹ́ tí ó ṣe ní Cambridge, nítorí ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìràwọ̀ a máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú. Kí ló fà á? Ìràwọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ojú abẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ń rú lókè orí wa a sì máa gbọn ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Plánẹ́ẹ̀tì ni Àgùàlà ní tirẹ̀, kì í ṣe ajá òṣùpá bí àwọn kan ti rò. Ó sún mọ́ wa, ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìràwọ̀ lọ. Bí apá kan rẹ̀ bá gbọ̀n, apá kejì a dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbì rédíò tí ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá la ẹ̀fúùfù tí ń ti ara oòrùn jáde kọjá. Èyí tí orísun rẹ̀ kéré a ṣẹ́jú, èyí tí orísun rẹ̀ fẹ̀ a dúró ṣinṣin.

Hewish àti Okoye kọjú ẹ̀rọ sí ìkùukùu ojú ọ̀run kan tí àwọn òyìnbó fi alákàn sọ lórúkọ, Crab Nebula. Àjẹkù ìràwọ̀ tí ó bú gbàmù ni. Àwọn ará Ṣáínà rí i ní ọdún 1054. Ohun tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ṣẹ́jú. Síbẹ̀, nǹkan kan ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀! Ní ọdún 1965 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ohun kékeré kan tí agbára rẹ̀ pọ̀ jọjọ wà níbẹ̀. Wọn kò tíì mọ ohun tí í ṣe.

Okoye padà wálé. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó sì bọ́ sí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, Nsukka sì wà lára ibi tí ogun kọ́kọ́ gbà. Ní ọdún 1968 ni àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà rí ìdí ọ̀rọ̀ náà: òkú ìràwọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju bí a ti ń lọ láti Òkokomáìkò sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó ń pòòyì ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ń ka òòyì ní Amẹ́ríkà, òkú ni a ń kà níhìn-ín. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó. Hewish gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974 nítorí ipa rẹ̀ nínú wíwá irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Okoye ní tirẹ̀ ti dá ibùdó ìwádìí òfuurufú sílẹ̀ ní Nsukka ní ọdún 1972, láàárín àwókù ogun. Ó kú ní ọdún 2009.

Ọmọ náà ní, "Plánẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́, sà?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdí irú òkú ìràwọ̀ apòòyì bẹ́ẹ̀ gan-an ni Wolszczan àti Frail ti rí àwọn plánẹ́ẹ̀tì òkèèrè àkọ́kọ́, tí wọ́n kéde wọn ní ọdún 1992. Òòyì ìràwọ̀ náà, tí í máa bọ́ sí àsìkò bí aago, a máa yá díẹ̀, a sì máa pẹ́ díẹ̀. Plánẹ́ẹ̀tì ló ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ọdún 1995, Mayor àti Queloz rí òmíràn ní ìdí ìràwọ̀ tí ó jọ oòrùn tiwa. Nígbà tí ó di ọdún 2019, a ní kí Nàìjíríà náà sọ ìràwọ̀ kan lórúkọ: Amadioha ni ìràwọ̀ náà, Equiano ni plánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i po. (Mo gbọ́ ẹni tí ń bèèrè pé Ṣàngó ńkọ́. Ẹ má bínú, àrá kan náà ni.)

Ó ní kò sí ẹ̀rọ. Mo ní ó sún mọ́ Alábà, níbi tí wáyà àti rédíò kò ti wọ́n. Láti ọdún 1955 ni a ti mọ̀ pé plánẹ́ẹ̀tì Júpítà a máa pariwo lórí ìgbì rédíò. Wáyà tí ó gùn tó mítà 7, tí a pín sí méjì lọ́gbọọgba, tí a ta sórí òpó, tí a sì so mọ́ rédíò tí ó lè gba ìgbì kúkúrú dáadáa, lè gbé ariwo ọ̀hún wá, bí ìgbà tí òkun ń rọ́ lu etí iyanrìn. Ìkùukùu òjò Èkó kò lè dí i lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló lè dí i. Nítorí náà mo ní kí ó dúró di aago méjì òru, nígbà tí gbogbo Ìbà bá ti pa tiwọn.